Kámẹ́rà àti ògiri iná ò gbọ́ra wọn yé! Ẹ wo bí ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣe ń ba fíìmù olówó ńlá jẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi ìgbéyàwó ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń lọ sílé ọkọ, gbọ̀ngàn ayẹyẹ ńlá kan l'Ékòó ni wọ́n sì ti ṣe é. Mi ò ní í dárúkọ ibẹ̀, nítorí ẹjọ́ kọ́ ni mo wá rò. Ohun tó gba ojú gbogbo wa lọ́jọ́ náà ni ògiri iná gìrìwò kan tí wọ́n gbé sẹ́yìn ìjókòó ọkọ àti ìyàwó. Òdòdó ń yọ lójú ẹ̀, fọ́tò tọkọtaya ń yọ, orúkọ wọn ń tàn yòò. Ọmọkùnrin tó ń ya fídíò ò sinmi rárá, ó ń sá síbí, ó ń sá sọ́hùn-ún, òógùn ti bò ó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni fídíò dé. Gbogbo ẹbí kóra jọ sí pálọ̀, wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n. Háà! Nígbà tó kan ibi tí wọ́n ti ń gé kéèkì, àwọn ilà dúdú gbọọrọ-gbọọrọ ló ń rìn lára ògiri iná náà, tí wọ́n ń ti ìsàlẹ̀ gòkè bí ìgbà tí ejò bá ń gun igi. Òdòdó tí gbogbo wa fojú rí pé ó mọ́ roro, ńṣe ló ń ṣẹ́jú pàkàpàkà. Màmá ìyàwó dìde fùú, wọ́n ní kí wọ́n lọ pe ọmọkùnrin náà wá.

"Kámẹ́rà tó ti kú lo gbé wá síbi ìnáwó mi!" Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ sí i lójú nìyẹn. Ìdajì owó rẹ̀ tó kù lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní àwọn ò san án mọ́.

Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, Mà. Kámẹ́rà mi ò kú. Ògiri yẹn ló ṣe bẹ́ẹ̀."

Ta ni yóò gbà á gbọ́? Èmi gan-an tí mo jókòó síbẹ̀, mo rò pé irọ́ ló ń pa. Ṣebí gbogbo wa la wo ògiri náà láti aago méjì ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú, tí ẹnikẹ́ni ò rí ilà kankan? Àfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ni mo tó mọ̀ pé ọmọ ọlọ́mọ ò jẹ̀bi. Ohun tó sì jẹ́ kí n mú bírò lọ́sẹ̀ yìí ni pé aburú tó ba fídíò ìgbéyàwó tiwa jẹ́ yìí, òun náà ni àwọn tó ń ṣe fíìmù olówó gọbọi l'Amẹ́ríkà àti nílùú ọba ń bá wọ̀yá ìjà títí dòní. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tiwọn kì í ṣe owó onífídíò kan ló ń ṣòfò.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ tú ti pálọ̀ wa yẹn. Ògiri iná tí ẹ ń rí níbi òde àríyá àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, gílóòbù tíntìntín tí wọ́n ń pè ní LED ló kún ara ẹ̀. Ẹ máa rò pé ó tàn, ó sì dúró síbẹ̀. Irọ́ ni o. Ó ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn, ó ń kú, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà tàbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá fẹ́ kó mọ́lẹ̀ gan-an, wọ́n á jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kó tó kú. Bí wọ́n bá fẹ́ kó ṣókùnkùn, wọ́n á tètè pa á. Èyí tó tún wá burú ni pé gbogbo wọn kì í tàn lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà kan á tàn, á fà á fún ìlà kejì. Ojú èèyàn ò yára tó ìyẹn, ó máa ń pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan. Kámẹ́rà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà ní ìlẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń tì, bó bá ṣí lásìkò tí ìlà kan kú, òkùnkùn ló máa gbé wálé. Ẹni tó bá rò pé mò ń purọ́, kó gbé fóònù rẹ̀ kọjú sí ògiri iná olówó pọ́ọ́kú, kó ká fídíò rẹ̀, kó wò ó.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kọjá sókè òkun, níbi tí ọ̀rọ̀ ti di ńlá.

Lọ́jọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ọdún 2019, fíìmù kan tó ń jáde ní apá-apá bẹ̀rẹ̀ lórí Disney+. The Mandalorian ni wọ́n pè é. Jagunjagun kan ló wà nínú ẹ̀ tó wọ irin láti orí dé ẹsẹ̀, irin tó ń dán gbinrin bíi dígí, tó ń ti inú ayé kan bọ́ sínú ayé mìíràn: aṣálẹ̀, orí yìnyín, inú ọkọ̀ òfuurufú, ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ èèyàn ò tẹ̀ rí. Ẹni tó bá wò ó á sọ pé àwọn èèyàn yìí rin gbogbo ayé já. Ẹ gbọ́ ná, ó ju ìdajì apá kìíní fíìmù yẹn lọ tó jẹ́ pé inú gbọ̀ngàn kan báyìí ní Manhattan Beach, ìpínlẹ̀ California, ni wọ́n ti yà á. Ògiri iná ni wọ́n mọ yí ibẹ̀ ká. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20, ìbú ibi tó yí ká jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 75, òkè ilé gan-an tún jẹ́ iná. Òṣèré dúró láàárín, iyanrìn gidi díẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, gbogbo aṣálẹ̀ tó kù, inú iná ló wà.

Kí ló dé tí wọn ò lo aṣọ aláwọ̀ ewé tí gbogbo ayé ń lò? Aṣọ irin yẹn ni. Ohun tó bá ń dán, ohun tó wà níwájú ẹ̀ ló máa ń gbé jáde. Bí wọ́n bá fi aṣọ aláwọ̀ ewé yí jagunjagun náà ká, gbogbo ara ẹ̀ á di ewé, ẹni tó sì máa nù ún kúrò lórí kọ̀ǹpútà á nù ún títí ọdún á fi parí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ oòrùn tó ń wọ̀ ló wà lójú ògiri, oòrùn tó ń wọ̀ yẹn náà ló máa tàn sára irin ẹ̀. Jon Favreau tó dá fíìmù náà sílẹ̀, Greig Fraser tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá kámẹ́rà ibẹ̀, àti àwọn Industrial Light & Magic tó kọ́ gbọ̀ngàn iná náà, ohun tí wọ́n rí nìyẹn tí wọ́n fi gbà láti gbé owó lé e.

Àwòrán lásán kọ́ ló wà lójú ògiri yẹn o. Ibẹ̀ ni ìdààmú ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó sínú mọ́tò tó ń lọ sí Èkìtì á mọ̀ pé igi ẹ̀bá ọ̀nà máa ń sáré kọjá, àmọ́ òkè tó wà lókèèrè kì í kúrò lójú kan bọ̀rọ̀. Bí kámẹ́rà bá rìn síwájú ògiri, tí igi àti òkè jọ dúró gbagidi bíi kàléńdà tí wọ́n kọ́ sára ògiri, ọmọ ọdún márùn-ún á mọ̀ pé ẹ̀tàn ni. Nítorí náà, wọ́n lẹ ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mìíràn mọ ibi tí kámẹ́rà wà mọ́ ara ẹ̀: ó ti lọ sọ́tùn-ún, ó ti gòkè, ó ti tẹ orí ba. Ẹ̀rọ yẹn á sọ fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á tún gbogbo aṣálẹ̀ náà yà lójú ẹsẹ̀ bó ṣe yẹ kó rí láti ibi tí kámẹ́rà wà. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe é ni Unreal Engine ti ilé iṣẹ́ Epic Games, ohun tí àwọn ọmọ wa ń fi gbá géèmù nínú yàrá. Láti ìbẹ̀rẹ̀, géèmù ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ ò rí i pé géèmù ti di iṣẹ́?

Ẹ wá kà wọ́n pẹ̀lú mi: kámẹ́rà, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ kámẹ́rà, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán, ẹ̀rọ tó ń pín àwòrán fún ògiri, ògiri fúnra rẹ̀. Olúkúlùkù wọn ló ní aago tiẹ̀ nínú. Aago yẹn ń sọ fún wọn pé "ó yá, àwòrán mìíràn!" ìgbà 24 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí iye àwòrán tí fíìmù ń lò nìyẹn. Àwòrán kọ̀ọ̀kan ò pé ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú-àáyá. Nínú àkókò bíńtín yẹn, bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe é, ìlẹ̀kùn kámẹ́rà á ṣí fún ìdajì, á tì fún ìdajì tó kù. Bí ògiri bá pààrọ̀ àwòrán lásìkò tí ìlẹ̀kùn wà ní títì, ẹnikẹ́ni ò ní í mọ̀. Bó bá pààrọ̀ ẹ̀ nígbà tí ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, yéè! Àwòrán àná àti tòní á wà nínú fótò kan: òkè á pín sí méjì, ẹsẹ̀ igi á wà níbì kan, orí ẹ̀ á wà níbòmíràn.

Ohun tí wọ́n fi ń yanjú ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní genlock. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ẹ̀ dẹ́rù bà yín. Àpótí kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa lu agogo lọ. Wáyà jáde lára ẹ̀ lọ bá kámẹ́rà, òmíràn lọ bá kọ̀ǹpútà, òmíràn lọ bá ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ kámẹ́rà àti èyí tó ń pín àwòrán. Bí agogo bá ti dún, kóńkó, gbogbo wọn á jọ gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ti wà níbi tí àwọn onílù ti ń lùlù mọ ohun tí mò ń sọ. Onílù lè dárà bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n agogo ni ò gbọdọ̀ yẹ̀, torí òun ni gbogbo wọn dì mú.

Ibì kan wà níbí tí mo ti rí i pé àwọn tó pe ara wọn ní ọ̀gá gan-an ń ṣìnà. Nǹkan mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní timecode. Òun náà ń gba inú wáyà wọnú kámẹ́rà, àwọn kan á so ó mọ́ ọn, wọ́n á ní ó ti parí. Kò parí o. Timecode, aago ni. Genlock, agogo ni. Aago á sọ fún ẹ pé aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjì, kí ẹni tó ń gé fíìmù lè mọ ohùn tó bá àwòrán mu. Kò sọ fún ẹ ìgbà tó yẹ kó o gbé ẹsẹ̀. Ẹni méjì lè wọ aago ọwọ́ tó bára mu rẹ́gí, kí wọ́n máa jó, kí ijó wọn má sì bára mu. Mo gbà pé tí èèyàn bá mọ ìyàtọ̀ yìí nìkan, ó ti gba ara ẹ̀ lọ́wọ́ ìdajì wàhálà.

Ìdajì ni mo sọ o, kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Gbogbo wọn lè máa gbọ́ agogo kan náà, kí ẹnì kan ṣì máa gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn agogo nígbà gbogbo. Kò sáré, kò falẹ̀, àmọ́ ó ń pẹ́ dé. Nítorí náà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n máa ń jẹ́ kí ògiri máa ka nǹkan: 1, 2, 3, nọ́ńbà mìíràn fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ya á, wọ́n á wá dá fídíò náà dúró ní ẹyọ-ẹyọ. Bí wọ́n bá rí 7 nìkan, ó dára. Bí 7 àti 8 bá gun ara wọn lórí, ìlẹ̀kùn kámẹ́rà ò tíì bá ìṣíkiri ògiri mu nìyẹn, wọ́n á máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí nọ́ńbà kan á fi kù.

Àwọn kọ̀ǹpútà náà ní ẹjọ́ tiwọn. Ògiri tó tóbi tó yẹn, kọ̀ǹpútà kan ò lè dá a yà, ńṣe ni wọ́n pín in: ìwọ ya apá òsì, ìwọ ya àárín, ìwọ ya òkè ilé. Bí ọ̀kan bá pẹ́ pẹ́ẹ́, kódà bó jẹ́ àwòrán ẹyọ kan, ibi tí apá méjì ti pàdé á ya bí aṣọ tó ya lójú ránṣọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ki káàdì kan sínú ìkọ̀ọ̀kan wọn, tó máa mú gbogbo wọn dúró de ara wọn kí wọ́n tó jọ gbé àwòrán síta.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ti nọ́ńbà 24. Ẹ máa rò pé 24 ni 24. L'Amẹ́ríkà, 24 méjì ló wà! Lọ́dún 1953 tí wọ́n fọwọ́ sí tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ mèremère, wọ́n ní láti dín ìsáré àwòrán kù díẹ̀ kí àwọ̀ àti ohùn má bàa ja ara wọn, 60 wá di 59.94. Láti ìgbà yẹn ni 24 ti fíìmù náà ti ní ìbejì kan tó ń jẹ́ 23.976. Ẹ wá jẹ́ ká ní ẹnì kan tò kámẹ́rà sí 24 gidi, ẹlòmíràn tò ògiri sí 23.976, kò sì sí agogo láàárín wọn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kéré débi pé bí wọ́n bá dán an wò fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, kò sí ohun tí wọ́n máa rí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú-àáyá 42, ọ̀kan á ti fi odindi àwòrán kan ya èkejì sílẹ̀. Ilà burúkú á yọ, á rìn kọjá, á sì tún pòórá. Wọ́n á ní "ó ti lọ, ẹ jẹ́ ká máa ṣiṣẹ́ lọ." Kò lọ síbì kankan, ó ń padà bọ̀. Irú àìsàn tó jẹ́ pé bí dókítà bá dé, ara aláìsàn á yá.

Tiwa níbí tún yàtọ̀. Iná mànàmáná Nàìjíríà, ìgbà 50 ló ń lọ tó ń bọ̀ nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60. Ìdí nìyẹn tí tẹlifíṣọ̀n wa fi ń lo àwòrán 25, tí tiwọn fi sún mọ́ 30. Gílóòbù orí òrùlé wa máa ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100, ti wọn 120. Ẹ wá ronú gbọ̀ngàn ìgbéyàwó wa: kọ̀ǹpútà tó ń fún ògiri ní àwòrán ń lọ ní 60, kámẹ́rà onífídíò wà ní 25, ògiri fúnra ẹ̀ ń ṣẹ́jú bó ṣe wù ú, kò sí wáyà kankan tó so wọ́n pọ̀. Ṣé ọjà Ọyíngbò kọ́ nìyẹn?

Ẹ̀yin tó ń rò pé àṣà òde òní lásán ni gbogbo ẹ̀, ẹ dákẹ́ ná. Ọdún 1933 ni King Kong jáde, fíìmù ọ̀bọ ńlá yẹn. Nínú ẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ ju àwòrán ẹranko sára aṣọ láti ẹ̀yìn, obìnrin tó ń ṣeré wà níwájú aṣọ náà, kámẹ́rà ń yà wọ́n pa pọ̀. Ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn kan náà ni. Ìlẹ̀kùn ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán àti ìlẹ̀kùn kámẹ́rà gbọ́dọ̀ jọ ṣí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwòrán ẹ̀yìn á máa ṣẹ́jú, á tiẹ̀ lè má yọ rárá. Ìgbà tí wọ́n rí ọgbọ́n tí wọ́n fi so àwọn ẹ̀rọ tó ń yí méjèèjì pọ̀, tí iná kan náà ń wa wọ́n ní ìṣísẹ̀ kan, ni iṣẹ́ yẹn tó ṣeé ṣe dáadáa.

Agogo ti genlock gan-an, inú ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ti wá. Láyé ìgbà yẹn, kò sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń lo ju kámẹ́rà kan lọ tí kò ní ẹ̀rọ tó ń lu agogo fún gbogbo kámẹ́rà ẹ̀, torí bí wọ́n bá fẹ́ kúrò lórí kámẹ́rà kìíní bọ́ sórí ìkejì láìsí i, àwòrán á fò sókè nílé gbogbo èèyàn. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́jọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ irú ẹ̀ ti mọ agogo yìí bí ẹni mowó. Àwọn ọmọ tó ń fi kámẹ́rà kan ṣoṣo ṣe fíìmù lẹ́yìn ìyẹn ni ò nílò ẹ̀ mọ́, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ fi di ohun àjèjì.

Ó wá ku ohun kan tí agogo ò lè wò sàn. Bí kámẹ́rà bá yà sọ́tùn-ún, ìròyìn yẹn gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ, kó dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà, kí kọ̀ǹpútà yà á, kó kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó ń pín in, kó tó tàn lójú ògiri. Ìrìn àjò ni. Nígbà tí wọ́n ń ya apá kìíní The Mandalorian, ìrìn àjò náà ń gba nǹkan bí àwòrán mẹ́jọ, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ má fojú kékeré wò ó. Bí ẹ bá yí ọrùn yín lójijì, tí ayé dúró ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú-àáyá kó tó bá yín yí, ẹ máa rò pé wọ́n ti fún yín ní nǹkan mu. Gbogbo wọn wà lórí ìlù kan náà, síbẹ̀ àwòrán ń pẹ́ dé. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà ya ibi tó fẹ̀ ju ohun tí kámẹ́rà ń rí lọ, kí kámẹ́rà má bàa yọjú sí etí àwòrán kí tuntun tó dé. Wọ́n tún kọ́ àwọn tó ń ti kámẹ́rà pé kí wọ́n rọra. Àwọn tó fẹ́ràn kí wọ́n máa ju kámẹ́rà fìrìfìrì, gbọ̀ngàn iná kì í ṣe ibi tiwọn.

Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà náà sì ní àbùkù kan nínú: kì í wo gbogbo àwòrán lẹ́ẹ̀kan, láti òkè lọ sílẹ̀ ló ń kà á, ìlà tẹ̀lé ìlà, bí ọmọ tó ń ka ìwé. Ògiri náà ń tàn ní ìlà-ìlà. Ìlà pàdé ìlà, ilà dúdú jáde. Àwọn kámẹ́rà kan ti wà báyìí tó ń wo gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, RED gbé ọ̀kan tó ń jẹ́ Komodo jáde lọ́dún 2020, ìyẹn sì ń dín wàhálà kù. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín pé bí ẹ bá ti ra irú ẹ̀, ẹ ò nílò agogo mọ́. Ẹni tó bá lajú sílẹ̀ nígbà tí ò yẹ, ohun tí ò yẹ náà ló máa rí, yálà ó rí i díẹ̀díẹ̀ tàbí lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ tiẹ̀ gbọ́ iṣẹ́ abàmì kan. Bí ògiri bá yára gan-an, tí agogo sì dúró dáadáa, wọ́n lè fi àwòrán méjì sínú ògiri kan náà, kí kámẹ́rà méjì jọ máa wò ó, kí kìíní máa rí aṣálẹ̀, kí ìkejì máa rí òkun! Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìlẹ̀kùn kìíní ń ṣí nígbà tí aṣálẹ̀ bá tàn, ó ti tì kí òkun tó dé. Ilẹ̀kùn ìkejì ń ṣí fún òkun nìkan. GhostFrame ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà tó ba fídíò tiwa jẹ́ ni wọ́n gbé yí padà tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́.

Ẹ lè wá bi mí pé, bí ilà bá wọnú fíìmù, ṣé wọn ò lè fi kọ̀ǹpútà pa á rẹ́ tó bá yá? Kókó ọ̀rọ̀ nìyẹn. Pẹ̀lú aṣọ aláwọ̀ ewé, òṣèré wà lọ́tọ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ wà lọ́tọ̀, bí ẹ̀yìn bá bàjẹ́ wọ́n á ṣe òmíràn. Níwájú ògiri iná, òṣèré àti aṣálẹ̀ ti di ọbẹ̀ kan. Ìmọ́lẹ̀ ògiri wà lójú ẹ̀, ó wà lára irin ẹ̀, ó wà nínú ẹyinjú ẹ̀. Bí ògiri bá ṣẹ́jú, òun náà ṣẹ́jú. Ẹ ò lè yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀. Wọ́n á fi oṣù gbáko tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ní fótò kọ̀ọ̀kan, tàbí kí wọ́n pe gbogbo èèyàn padà wá yà á lákọ̀tun: òṣèré, alásọ, alátìkè, àwọn tó ń gbé iná, àwọn tó ń dáná oúnjẹ. Gbogbo wọn ló máa gba owó ọjọ́ náà.

Nítorí náà ni wọ́n fi ní tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yàwòrán, tí àwọn tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà jókòó tì. Níbi The Mandalorian, "brain bar" ni wọ́n ń pe tábìlì yẹn. Orúkọ àwọn tó ń jókòó síbẹ̀ kì í ṣe èyí tí èrò máa ń dúró kà nígbà tí fíìmù bá parí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ní dárẹ́kítọ̀ ti ní "ó yá," òṣèré ti ń sunkún gidi, omi ti ń bọ́ lójú ẹ̀, irú ẹkún tí ò ṣeé sun lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kan ní tábìlì yẹn wá rí i pé kámẹ́rà ti já kúrò lórí agogo, bóyá ẹnì kan tẹ wáyà mọ́lẹ̀. Ṣé kó pariwo "ẹ dúró"? Bó bá pariwo, ó ti ba ẹkún jẹ́. Bó bá dákẹ́, ẹkún náà ti bàjẹ́ kó tó délé. Èmi ò ní í fẹ́ jókòó sí àga yẹn, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jókòó níbẹ̀ kò ní í wá iṣẹ́ tì. Àwọn ọmọ wa tó ń ya owó ra kámẹ́rà olówó ńlá kí wọ́n lè gbé e sí ojú fóònù, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti ka ojú ewé tó sọ̀rọ̀ nípa genlock nínú ìwé tó bá kámẹ́rà náà wá.

Mo padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin onífídíò yẹn. Mo ní, "Àbúrò, má bínú, èmi náà dá ọ lẹ́jọ́ láì gbọ́ tẹnu ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò burú. Èmi náà ò tíì mọ ohun tó ṣe é nígbà yẹn. Mo kàn mọ̀ pé kì í ṣe kámẹ́rà mi ni."

Ó fi hàn mí pé ibì kan wà nínú kámẹ́rà ẹ̀ tí èèyàn ti lè yí ìlẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe kó kàn fò láti 50 sí 60. Bó bá ti ń yí i, àwọn ilà náà á máa falẹ̀, wọ́n á máa fẹ́, títí wọ́n á fi dúró tàbí kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máà hàn mọ́. Wọn ò ní í lọ pátápátá, torí wáyà ò sí láàárín òun àti ògiri, kò sì sí onígbọ̀ngàn tó máa jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ àwọn. Bí ògiri náà bá jẹ́ olówó pọ́ọ́kú tó ń ṣẹ́jú jù, ó máa ń bẹ onífọ́tò àti MC pé kí wọ́n jẹ́ kí tọkọtaya gé kéèkì níbòmíràn.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá màmá ìyàwó. Ó gbà mí tó wákàtí kan, mo fi fóònù ya ògiri iná ṣọ́ọ̀ṣì wọn níṣojú wọn kí wọ́n tó gbà. Wọ́n ṣí pọ́ọ̀sì, wọ́n ka ìdajì owó tó kù fún mi pé kí n bá àwọn fún un. Wọ́n ní àbúrò ìyàwó ń bọ̀ wá ṣe tiẹ̀ lóṣù kejìlá, òun náà ni kó wá yà á, ṣùgbọ́n kó wá wo ògiri lọ́jọ́ tó ṣáájú, kó sì jẹ́ kí àwọn wà níbẹ̀.